Ìjókòó àárín, láti Èkó dé Heathrow

Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni mo lò nínú bàálù lóṣù tó kọjá, ìjókòó àárín ni wọ́n fún mi. Màmá kan tó sanra dáadáa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kí n tó jókòó tán ni wọ́n ti ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú o." Ó dùn mí wọra. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀ mí?

Ìjókòó yẹn ò ju ínṣì 17 lọ, mẹ́wàá ló sì wà lórí ìlà kan. Èmi tí mo tín-ín-rín gan-an, èjìká mi ò gbà á. Ìgbà tá a gbé ìgbọ́wọ́lé tó wà láàárín wa sókè ni màmá tó lè mí dáadáa.

Bẹ́líìtì ò ká wọn. Mo bá wọn béèrè àfikún rẹ̀, ni òṣìṣẹ́ bàálù bá gbé e sókè láti iwájú títí dé ọ̀dọ̀ wa, tí gbogbo èèyàn ń wò. Màmá dorí kodò. Ìyẹn ni mi ò lè gbà! Ṣé kò lè ká a mọ́wọ́ wá ni?

Ìrẹsì tí iléeṣẹ́ bàálù náà fún wa gbóná, ó sì dùn. Àmọ́ ní Kánádà, láti 2008 ni àjọ ìjọba ti pàṣẹ pé, nínú ìrìnàjò abẹ́lé, àwọn iléeṣẹ́ bàálù ńlá kan ò gbọdọ̀ gbowó ìjókòó kejì lọ́wọ́ ẹni tí ìsanra ti sọ di aláìlera. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ fún màmá yẹn.

Ìràwọ̀ méjì péré ni mo fún iléeṣẹ́ bàálù náà nínú márùn-ún.