Wáyà ni wọ́n fi so ṣóòkù Ìjàpá mi

Mo ṣí ẹ̀yìn Ìjàpá (ọkọ̀ Volkswagen Beetle) tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, níbi tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, mo tú fílítà, wáyà tí bíríkìlà fi ń so irin ni mo bá lẹ́nu kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀. Wọ́n fi di ìlẹ̀kùn ṣóòkù, èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ́ńjìnì tutù lè gbà, mú kó má lè padé mọ́ láé. ₦8,000 ni mo san fún iṣẹ́ yẹn!

Èéfín dúdú ló kọ́kọ́ gbé mi dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì. Ọkọ̀ ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, púlọ́ọ̀gì dú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀gá mẹ́káníìkì náà, ní Òkè-Baálẹ̀, wò ó fìrí: “Ẹ̀gbọ́n, òyìnbó ló ń lo ṣóòkù. Òṣogbo gbóná.” Mo gbà á gbọ́. Àfi bí ọyẹ́ ṣe dé. Láàárọ̀ Sátidé, mo yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì fi kú. Ìgbà yẹn ni mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ tí mo rí wáyà.

Mo tú wáyà náà, mo mú un dání padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ohùn mi ga débi pé oníbàárà alákàrà tó wà lódìkejì títì yíjú. Ọ̀gá ò bá mi fa ọ̀rọ̀, mo yìn ín fún ìyẹn. Ó ní kí ọmọṣẹ́ sáré pe bàbá réwáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, wá.

Bàbá yìí, kí Ọlọ́run dá a sí! Ó fi gílóòbù kan wáyà ẹ̀gbẹ́ ṣóòkù, kò tàn. “Ọmọ mi, iná ò débí. Ṣóòkù rẹ ò bàjẹ́.” Ó ní síípírìnì tó ká wà nínú ìdérí roboto tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóòkù, bó bá tutù, á pa ìlẹ̀kùn dé, bí iná tó ń ti kọ́ìlì (èyí tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì) wá bá sì mú un gbóná, á ṣí i. Láìsí iná, ó ń pa dé ṣáá, epo ń pọ̀jù, èéfín ń jáde. Ojú wáyà ló ti jẹrà nídìí kọ́ìlì. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó dẹ sukúrù mẹ́ta, ó yí ìdérí náà títí àmì rẹ̀ fi kọjú sí àmì àárín. Ó ní kí n fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà tí ọkọ̀ fi ń sáré lẹ́ẹ̀kan kí n tó yí kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan! A dúró tì í, ìlẹ̀kùn kékeré náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ojú ọmọ tó ń jí lójú oorun. Omi lé sí mi lójú. ₦1,500 péré ni bàbá gbà.

Ọ̀gá kò tíì dá ₦8,000 mi padà o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti béèrè. Ó ní òun á yọ ọ́ nínú iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ wo?

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ọ̀gá àti bàbá réwáyà lápapọ̀; ₦8,000 mi ló gba ọ̀kan tó kù.