Ẹ̀yin apẹja oníwọ̀ Òṣogbo, ẹ má sanwó ẹja ìdẹ tẹ́ ò tíì rí kó lúwẹ̀ẹ́

Ẹ kú àsìkò yìí o. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi ti ń fà kúrò nínú koríko etídò, ẹja kéékèèké ò ríbi sá sí mọ́, àwọn ẹja tó ń pa wọ́n jẹ sì ti jáde ọdẹ. Gbogbo ẹni tó ní ìwọ̀ nílé ló ń wá ẹja ìdẹ láàyè báyìí. Àwọn gbájúẹ̀ náà sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan wà tó ń polówó ẹja ìdẹ, ìyẹn epìyà kéékèèké, lórí WhatsApp àti Facebook. Ó lè máà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, torí ohùn tó ń gbé ìpè lónìí lè máà jẹ́ tàná. Lọ́jọ́ kan á ní Ọlá-Ìyá lòun wà, lọ́jọ́ kejì á ní Òkè-Fìà ni. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Orúkọ tó ń jẹ́ fún yín kọ́ ló ń jẹ́ fún ẹlòmíì, nọ́ḿbà rẹ̀ ò sì dúró sójú kan. Ìṣe rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán tó fi ń polówó. Ẹja tó ń dán bíi fàdákà ni, lẹbẹ rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ náà pọ́n. Ẹja yẹn ò sí nínú odò kankan nílẹ̀ wa. Roach làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ẹja omi tútù ilẹ̀ Yúróòpù ni. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, tí ewé bá ń wọ́ lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi irú ẹja bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwọ̀ láti mú pike, ẹja ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ gùn tí eyín rẹ̀ mú. A máa ń wo fídíò wọn, ó sì ń wù wá láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ni roach wá ṣe dé Òṣogbo? Ẹni tó ní epìyà nínú báàfù lẹ́yìnkùlé, kí ló dé tí kò lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ ya epìyà náà? Bí ẹ bá ti rí lẹbẹ pupa yẹn nínú ìpolówó, ẹ ti mọ̀ pé inú íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wa ẹja jáde.

Àbúrò kan tí a jọ máa ń lọ sí adágún Erinlẹ̀ lọ́nà Ẹdẹ ló bọ́ sọ́wọ́ wọn kẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n fi fídíò ẹja náà ránṣẹ́. Èsì tó gbà ni pé: “Bùrọ̀dá mi, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa níbí. Ẹ ṣáà fowó ránṣẹ́, ẹja yín ti wà nínú ọ́síjìn, ọlọ́kadà ti gbéra.” Kí owó tó wọlé, kò sí ìṣẹ́jú tí wọn ò pè é. Nígbà tí owó wọlé, àfìgbà tí ọlọ́kadà kan ilẹ̀kùn ló tó gbóhùn ẹnikẹ́ni. Ọlọ́kadà náà ò mọ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na ọlọ́kadà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Ọ̀rá dúdú ni wọ́n fi bo ọ̀rá funfun tí ẹja wà nínú rẹ̀. Ẹja ń mira lóòótọ́ nígbà tó dé. Kó tó di alẹ́, èyí tó pọ̀ jù ti kú, wọ́n ti yí ikùn sókè. Mo ní kó má da ọ̀rá náà nù kí n lè wò ó.

Ohun tí mo rí nìyí. Omi kún ọ̀rá náà dé ọrùn, afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ ò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú ẹja: ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá ni wọ́n ń bu omi sí, ìdá méjì yòókù ni wọ́n ń fi ọ́síjìn kún láti inú sílíńdà kí wọ́n tó dè é pinpin. Ọ̀rá tó bá rí bẹ́ẹ̀ á le bọ́ọ́lù, ẹ óò mọ̀ ọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Tiwọn rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ó jọ pé ẹnu ni wọ́n fi fẹ́ ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tí èèyàn sì mí síta, ọ́síjìn inú rẹ̀ ti dín kù, ìdọ̀tí èémí ti gba ipò rẹ̀. Omi bọ́ọ̀hólù ni wọ́n tún sọ pé àwọn lò, bí ẹni pé ìyẹn jẹ́ ohun ìwúrí. Omi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilẹ̀ jáde sábà máa ń ní ọ́síjìn díẹ̀. Àfi kéèyàn dà á láti inú garawa kan sí òmíràn léraléra, tàbí kó jẹ́ kó sùn mọ́jú síta, kí ẹja tó wọ̀ ọ́.

Ẹ̀tàn kejì fara pamọ́ díẹ̀. Àárín epìyà tó ti kú la ti rí àrọ̀ kéékèèké mélòó kan tí ara wọn le koko. Wọ́n máa ń da àrọ̀ wọ̀nyẹn pọ̀ mọ́ ọn kí ọ̀rá lè máa mira nígbà tí ẹ bá gbà á. Àrọ̀ ní ohun tó fi ń mí afẹ́fẹ́ láti òkè omi, ó lè wà láàyè nínú omi tí epìyà kan ò lè fara dà. Nítorí náà, pé ọ̀rá ń mira ò fi hàn pé epìyà inú rẹ̀ sàn. Àrọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìdẹ burúkú o, ó máa ń pẹ́ lórí ìwọ̀. Ṣùgbọ́n epìyà la sanwó fún, àwọn àrọ̀ aràrá tí wọ́n ṣà kúrò nínú pọ́ńdì torí pé wọn ò dàgbà mọ́ ni wọ́n dà lé wa lọ́wọ́.

Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù jù ni oògùn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gámálìn, oògùn apakòkòrò oko, ni wọ́n ń dà sódò, tí wọ́n á wá máa ṣa ẹja tó bá léfòó. Èyí tí kò tíì kú nínú wọn ni wọ́n ń tà fún wa gẹ́gẹ́ bí ìdẹ láàyè. Oògùn yẹn ń ba iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ jẹ́. Ẹ óò rí ẹja náà tí yóò máa pòòyì bírí, á sáré fì síwájú, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á tún ta kìjí. Ẹja tí afẹ́fẹ́ ń wọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ojú omi ló máa ń wá, tí á máa la ẹnu gbà-gbà. Bí ẹ bá rí èyí tó ń pòòyì, ẹ má fi kọ́ ìwọ̀, ẹ má sè é, ẹ má sọ ọ́ sí adìyẹ. Ẹ wa ilẹ̀ jìn kẹ́ ẹ bò ó mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Òfin kọ irú ìpẹja bẹ́ẹ̀. Omi tí wọ́n da gámálìn sí lókè, àwọn kan ń pọn ún mu nísàlẹ̀.

Ó tún ku ìkan tó múnú bí mi gidi. Nígbà tí ẹlòmíì ní owó náà ti pọ̀ jù, wọ́n ní torí pé inú odò Ọ̀ṣun, létí igbó, ni wọ́n ti kó o, pé ẹja oríire ni. Ìlú Àtẹ́wọ́gbẹja ni wọ́n ti ń sọ ọ́! Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni ẹja pípa nínú Igbó Ọ̀ṣun. Yàtọ̀ sí ti ìṣẹ̀ṣe, igbó náà wà lábẹ́ ààbò ìjọba, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2005. Bí irọ́ bá ni wọ́n pa, ẹ ti mọ irú ẹni tẹ́ ẹ ń bá dòwò. Bí òótọ́ bá ni, ẹ ti ra ohun tí kò yẹ kó wọlé yín. Lọ́nà méjèèjì, ẹ padà lẹ́yìn wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń yan ẹja ìdẹ, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yàn, wọn ò lè rí i rẹ́ jẹ lójúkojú. Ní kí ó dà á sínú báàfù tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, funfun ló dáa jù. Ẹ ti ọwọ́ bọ omi. Èyí tó bá sá lọ sísàlẹ̀ wéré, ẹ mú un. Èyí tó bá dúró títí ọwọ́ fi kàn án, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ro omi yíká kó máa ṣàn: ẹja tó lágbára á kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, aláàárẹ̀ á bá omi lọ. Ẹ wá yẹ ara rẹ̀ wò. Ìpẹ́ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ti ṣí, lẹbẹ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ti ya jálajàla, kò gbọ́dọ̀ ní egbò pupa tàbí ohun funfun tó rí bí òwú lára. Ẹ ṣí ìbòrí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan wò níbi tó fi ń mí: ó yẹ kó pupa dáadáa. Bó bá ti funfun ràkọ̀ràkọ̀, tàbí tó ń dà bí àwọ̀ ṣokoléètì, omi tó ti wà tẹ́lẹ̀ ti bà á jẹ́, kò ní bá yín dé odò.

Ní ti ìwọ̀n, èyí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́jọ, ló bá àwọn ẹja wa mu. Ẹja ẹlẹ́yín ṣóńṣó tó máa ń ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hepsetus, àti èyí tí orí rẹ̀ jọ orí ejò, méjèèjì ló ń gbé irú rẹ̀ mì láìjanpata. Àwọn oníjìbìtì yìí máa ń fẹ́ ta gìdìgbà fún yín torí pé owó rẹ̀ ju ti kékeré lọ. Ìdẹ tó bá tóbi jù, àwọn ẹja náà á kàn máa ge ìrù rẹ̀ jẹ ni.

Wọ́n tún ń ta ìwọ̀ tí wọ́n ti so mọ́ wáyà sílẹ̀, pé kẹ́ ẹ kàn fi ẹja kọ́ ọ. Ẹ fi ẹnu ìwọ̀ náà fa èékánná àtàǹpàkò yín fẹ́rẹ́. Bó bá mú, á há. Bó bá ń yọ̀ kọjá, kò mú. Ẹ wá fi ẹ̀mú mú un, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti fà á tọ́. Èyí tí wọ́n tà fún àbúrò mi nà tọọrọ bí abẹ́rẹ́. Ohun tí wọ́n pè ní wáyà, okùn lásán tí wọ́n kùn ni. Ẹlẹ́yín ṣóńṣó yẹn á gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwọ̀ àti ẹja á bá omi lọ.

Kíkọ́ rẹ̀ náà lọ́nà. Bí ẹ bá fẹ́ máa fà á díẹ̀díẹ̀ lójú omi, ẹ ki ìwọ̀ bọ ètè méjèèjì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó lè máa kọjú síbi tẹ́ ẹ ń fà á sí. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró lábẹ́ ègé sílípáàsì tó ń léfòó, ẹ ki ìwọ̀ bọ ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ lẹbẹ ẹ̀yìn, lókè egungun ẹ̀yìn. Ìwọ̀ ò gbọ́dọ̀ kan egungun yẹn. Bó bá kàn án, ẹja á rọ, kò sì ní lè jà mọ́. Ìjà yẹn gan-an la ń rà. Òun ló ń pe ẹja ńlá wá láti ibi tó lúgọ sí. Ẹja tí gámálìn ti pa ní ìdajì ò lè ṣe é, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi kéèyàn sanwó òkú ẹja.

Ẹ má kó ju bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú garawa oní-lítà ogún. Ẹ bò ó kúrò lójú oòrùn. Ìwọ̀nba iyọ̀ ìsebẹ̀, bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí omi tó tó yẹn, máa ń rọ̀ wọ́n lára lẹ́yìn ìrìn. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní oògùn tó ń pa kòkòrò, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú síta kẹ́ ẹ tó lò ó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ẹ má dà á sódò míì. Ẹ din ín jẹ bó bá jẹ́ pé ẹ mọ ibi tó ti wá.

Fún ẹni tí wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ má pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá wọn sọ lórí fóònù rẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀. Bó bá pẹ́, wọ́n á ti gba owó náà jáde. Ẹ lè fẹjọ́ sun àgọ́ ọlọ́pàá, àti àjọ ìjọba àpapọ̀ FCCPC tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ fún ààbò àwa oníbàárà.

Bí ẹ bá bi mí, n kò rídìí tí a fi ń ra epìyà kéékèèké lọ́wọ́ ẹni tí a ò mọ̀. Epìyà ń bímọ láìdáwọ́ dúró nínú pọ́ńdì ilẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á pọ̀ débi pé wọn ò ní dàgbà mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní pọ́ńdì ló ń wá ẹni tó máa bá òun kó wọn dànù, wọ́n á sì tà á fún yín ní owó táṣẹ́rẹ́. Ìdẹ tó lágbára sì nìyẹn. Ẹ mú garawa yín lọ ní òwúrọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, ẹ fojú ara yín rí i, ẹ sanwó, ẹ máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, ìgèrè kékeré kan tí a ki ẹ̀bà sí létí omi tí kì í ṣe ilẹ̀ èèwọ̀ tó fún ìdẹ ọjọ́ kan.

Mo mọ ẹni méjì tó ní pọ́ńdì lọ́nà Òkìnnì, mi ò sì fẹ́ kọ nọ́ḿbà wọn síta láìjẹ́ pé mo gbàṣẹ. Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ń gbé sísàlẹ̀ níbí, màá bi wọ́n léèrè. Ẹni tó bá mọ èyí tó ṣeé fọkàn tán lápá Ìlobù tàbí Ìkìrun, kó jẹ́ ká gbọ́. Bí wọ́n bá sì tún fi nọ́ḿbà tuntun kàn sí ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ sọ ọ́ nínú gúrúùpù yín lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó kan ẹlòmíì.