Géètì àtìpa àbí géètì tí ọdẹ ń ṣọ́?

Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH pọ̀ sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, bíi Under G, ọ̀rọ̀ géètì tí wọ́n ń fi dí òpópónà àdúgbò lóru máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín onílé àti ayálégbé.

Èyí tí wọ́n ń fi àgádágodo tì láti aago 11 alẹ́ di 5 ìdájí kò gbówó lórí: irin, símẹ́ǹtì àti iṣẹ́ wẹ́dà, ó parí. Àmọ́ bí aboyún bá ń rọbí láago 2 òru ńkọ́? Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti sùn, fóònù rẹ̀ ti kú. Bí ẹ bá yàn án, kí kọ́kọ́rọ́ wà nílé 3 ó kéré tán, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọn sára géètì. Nítorí ọkọ̀ panápaná, kí fífẹ̀ rẹ̀ má dín ní mítà 4, ẹ má sì gbé irin dábùú òkè rẹ̀. Òpó tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jìn á tẹ̀, ilẹ̀kùn á máa wọ́ nílẹ̀.

Èyí tí ọdẹ ń ṣọ́ ni mo fara mọ́. Owó oṣù ni ìṣòro rẹ̀: ayálégbé tí wọn ò pè sípàdé kì í fẹ́ san. Ẹ pe aṣojú wọn kí ẹ tó bu owó. Ọdẹ 1 kò tó, oorun á gbé e lọ. Ẹ gba 2.

Èyí ó wù kó jẹ́, Ìwé Òfin 1999 fi òpópónà àdúgbò sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kì í ṣe onílé. Ẹ kọ̀wé sí Àríwá tàbí Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ fún àgọ́ ọlọ́pàá ní ẹ̀dà, kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀.