Ìkìlọ̀: Ẹ Ṣọ́ra fún Ìpara "Ọjọ́ Mẹ́ta" Tí Kò Lórúkọ Lára Ike

Ẹ̀yin ará wa ní Adó, Ìkéré, Ìkọ̀lé àti agbègbè wọn ní Èkìtì, ẹ ṣọ́ra fún ìpara inú ike funfun tí wọ́n ń polówó lọ́jà àti lórí WhatsApp pé ó ń wo lápalápá, èkísímà àti ara yíyún "láàárín ọjọ́ mẹ́ta". Wọ́n á ní ewé àti egbò ni. Ewé wo ló ń pa ara yíyún kíákíá bẹ́ẹ̀? Ohun tó sábà máa ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni clobetasol tàbí betamethasone, sitẹ́rọ́ìdì tó le, tí wọ́n fún látinú túùbù pò mọ́ òrí. Bí wọ́n bá tún fún yín ní àgúnmu funfun láti máa fi mu ẹ̀kọ, ẹ fura: dexamethasone tàbí prednisolone (sitẹ́rọ́ìdì oníhóró ni àwọn náà) tí wọ́n lọ̀ lè wà níbẹ̀.

Sitẹ́rọ́ìdì ń paná ìyún, kò lè pa ohun tó ń fa lápalápá. Abẹ́ ìpara yẹn ló ti ń gbilẹ̀. Etí rẹ̀ tó rí roboto á parẹ́, dókítà gan-an lè má dá a mọ̀. Bẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, á yọ padà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ ó sì tún sáré lọ ra ike mìíràn. Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn.

Tó bá pẹ́ lára, awọ á fẹ́lẹ́, ìlà á ya sí itan àti abíyá, irorẹ́ á bo ojú. Èyí tí wọ́n ń mu ló burú jù: ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú (àwọn kan á ní oògùn ti ń jẹ́, ó ti sanra!), ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á gòkè, eegun á di ẹlẹgẹ́. Ẹ má fi ìpara náà kan ọmọ ọwọ́ rárá. Awọ wọn ń fa oògùn wọlé ju tiwa lọ, pámpásì sì tún ń bò ó mọ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá máa lo ìpara sitẹ́rọ́ìdì, kẹ́míìsì tó ní apòògùn ni kẹ́ ẹ ti rà á, nínú túùbù tó ní orúkọ oògùn, nọ́ḿbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Clobetasol 0.05% kì í kọjá ọ̀sẹ̀ 2 léraléra, kì í sì í ju giráàmù 50 lọ lọ́sẹ̀. Kò sí fún ojú tàbí abíyá. Ìpara tẹ́ ẹ fún jáde, tó gùn láti orí ìka ìfábẹ̀lá dé oríkèé àkọ́kọ́, tó fi pa ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì.

Ẹni tó bá ti ń mu àgúnmu yẹn ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ẹ má já a lójijì. Ara ń ṣe sitẹ́rọ́ìdì tirẹ̀. Tí ti òde bá ń wọlé lójoojúmọ́, tinú á ṣíwọ́ iṣẹ́, kì í sì í tètè jí. Ẹ kó ike àti àgúnmu náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín, kí dókítà sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí èébì, òòyì tàbí àárẹ̀ tó ga bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́: ẹ lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún wọn pé sitẹ́rọ́ìdì lẹ ti ń lò.