Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò: ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì Pàtígi kan ní Ọjà Ìpàtà

Bí ẹ bá ń wá ojúlówó ìrẹsì Pàtígi, ìyẹn ti ìlú Pàtígi ní ìpínlẹ̀ Kwara, nílùú Ìlọrin, ọ̀dọ̀ Alhaja tó ń tà á lẹ́yìn Ọjà Ìpàtà ni kí ẹ lọ. Hóró rẹ̀ kò gùn tó ti òkèèrè, ṣùgbọ́n ó ń wú dáadáa nínú ìkòkò, kì í sì í lẹ̀ mọ́ra. Mo sè é, mo fi ọbẹ̀ ata àti wàrà tì í, àwọn ọmọ mi lá àwo.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù yìí jù ni abọ́ orí káńtà. Láràárọ̀ ni Alhaja máa ń se ìwọ̀nba, omi àti iyọ̀ lásán, á bu síbí kan fún ẹni tó bá dúró. "Ẹ tọ́ ọ wò ná, mi ò gbowó." Obìnrin kan ní òun ò lè ra ìrẹsì olókùúta. Mo bi í pé ìgbà wo ló jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn. Ó ní ìyá òun kì í sè é nílé, ìyẹn ni pé kò tíì kan ẹnu rẹ̀ rí. Síbẹ̀ kò gba síbí tí wọ́n nà sí i.

Òkúta wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, torí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń lù ú, etí títì ni wọ́n sì ń sá a sí. Ìyá sọ fún ọmọ, ọmọ sọ fún ọmọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta dé, ọ̀pọ̀ wa ò padà lọ wò ó. Ní 2004, Russell Fazio, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa yan ẹ̀wà tí wọ́n máa "jẹ" nínú eré orí kọ̀ǹpútà: òmíràn ń fi kún agbára wọn, òmíràn ń dín in kù. Ẹ̀wà burúkú tí wọ́n bá ṣì jẹ, agbára tó dín kù á là wọ́n lójú. Èyí tó dára tí wọ́n ti pè ní burúkú ńkọ́? Wọn ò jẹ ẹ́ mọ́, ìròyìn burúkú náà dúró tì í, bíi ti ìrẹsì Pàtígi yìí gẹ́lẹ́.

Ó ń dùn mí gan-an, torí àwọn tó ń sá fún ti Pàtígi náà ló ń sanwó gọbọi fún Ọ̀fadà tí wọ́n bá fi ewé wé e níbi ìnáwó. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè ní Oṣù Kẹjọ 2019, ọ̀wọ́n ìrẹsì òkèèrè ló fipá mú ọ̀pọ̀ jẹ tiwa. Alhaja ní àwọn kan nínú wọn ò kúrò lọ́dọ̀ òun mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ṣí ẹnubodè ní Oṣù Kejìlá 2020.

Ẹ gbọ́ òórùn àpò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n fún yín o. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ pẹ́ jù sínú omi kí wọ́n tó bọ̀ ọ́, ó máa ń rùn, mo sì ti bá irú rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata. Ẹ má lọ lọ́sàn-án Jímọ̀, wọ́n máa ń tì.