Ẹ gbé DP yín lọ sí sítúdíò yìí l'Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ sì mú àgbàlagbà kan dání

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ẹ̀pẹ́ tàbí tẹ́ ẹ máa ń wálé ní wíkẹ́ńdì, sítúdíò fọ́tò kan wà lápá Marina, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, wọ́n ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ń ya fọ́tò ọjọ́ìbí àti pásípọ́ọ̀tù bíi tàwọn yòókù, àmọ́ ohun tó gbé mi débẹ̀ ni ìwé fọ́tò alápá méjì tí wọ́n ń bá èèyàn ṣe: apá kan jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, apá kejì jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ yín sí nílé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tò ó. ₦18,000 ni, wọ́n ń gba transfer.

Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ní kí n ṣí fóònù mi, kí n yan fọ́tò tó bá wù mí látorí Instagram àti WhatsApp, ó wá tẹ̀ wọ́n jáde kéékèèké. Ló bá gbé páálí kan síwájú mi tí wọ́n ya òbìrìkìtì mẹ́ta sí, ọ̀kan fún ará ilé, ọ̀kan fún ará ibi iṣẹ́, ọ̀kan fáwọn tí mi ò rí lójúkojú rí. "Àǹtí, ẹ fi fọ́tò kọ̀ọ̀kan síbi táwọn tó ti rí i wà." Mo rò pé eré ọmọdé ni, àfi ìgbà tí tàwọn tí mi ò rí rí kún dẹ́nu, tí fọ́tò ọdún Káyòkáyò tí mo wọ aṣọ ẹbí, tí mo jókòó sáàárín àwọn ìyá, dá wà lọ́dọ̀ ará ilé, torí WhatsApp gbà ká yan ẹni tí ò ní rí status wa, mo sì ti yọ gbogbo ará ibi iṣẹ́ kúrò. Ó kàn bi mí pé kí ló dé tí èyí ò fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì dákẹ́, ó ń wò mí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. "Lagos" nìkan ni mo kọ sí bio mi, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, àwọn tí baba ńlá wọn bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé e kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851, Káyòkáyò tá à ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, ìrántí bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ yẹn ni. Ìyá mi ní tiẹ̀, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí Kòsọ́kọ́ tó dé. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ sójú ewé kejì, wọ́n sì fún mi láyè kọ ọ́ tán, ẹnikẹ́ni ò kánjú mi.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni ti ohùn, wọ́n máa ń gba oríkì èèyàn sílẹ̀. Wọ́n ní kéèyàn mú ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tó ní fóònù wá, mo bá mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ. Wọ́n pa fáànù, wọ́n ti wíńdò, wọ́n so máìkì kékeré mọ́ ọn lọ́rùn aṣọ, Màmá ní ta ló kú tí wọ́n fi ń sé yàrá báyìí, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe fi "Àbẹ̀kẹ́" bẹ̀rẹ̀, tó bọ́ sórí ọmọ alárè, tó dórí àwọn tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí, omi ti ń bọ́ lójú mi. Jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ dáwọ́ lé ariwo. "Ẹ má bínú Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un kì." Èkejì yẹn gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ! Wọ́n tún ṣí YorubaName.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, ká wo ìtumọ̀ orúkọ mi, Màmá ní òótọ́ ni, àmọ́ ìdí tí wọ́n fi sọ mí bẹ́ẹ̀ ò sí níbẹ̀, ló bá jókòó sọ ọ́ fún wa, wọ́n gba ìyẹn náà sílẹ̀.

Ohun tí inú mi ò dùn sí: wọ́n fi filter dán ojú Màmá títí gbogbo ìhunjọ fi pòórá, bíi pé àbúrò mi ni. Lápá íntánẹ́ẹ̀tì mi, ẹ fi filter sílẹ̀, bí mo ṣe ń gbé e síta nìyẹn, ṣùgbọ́n apá ilé kọ́. Mo ní kí wọ́n dá ojú ẹ̀ padà, wọ́n sì ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ìkejì, kóòdù QR tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé kéèyàn lè fi gbọ́ ohùn yẹn, orí ìkànnì wọn ló ń gbéèyàn lọ, tí wọn ò bá sanwó ìkànnì yẹn mọ́, oríkì yín ti lọ nìyẹn. Ìkẹta, wọn ò ní ìwé kankan tó sọ ohun tí wọ́n ń fi fọ́tò àti ohùn wa ṣe lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Mo bèèrè, wọ́n sì dáhùn dáadáa, àmọ́ ó yẹ kó wà lákọsílẹ̀.

Màá tún lọ, àbúrò mi ọkùnrin ló kàn, ẹni tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn pátápátá lórí TikTok. Ẹ lọ láàárọ̀ kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.