Ọjọ́ Ọ̀la Àlòkù: Bí Ace Combat 3 Ṣe Rí Lọ́wọ́ Mi

Ọdún 2040 ni. Ọmọ aráyé ti gbọ́n débi pé èèyàn lè bọ́ ara sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù, kó kó èrò ọkàn rẹ̀ wọ inú íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì máa gbé ibẹ̀. Àmọ́ tí ọ̀gá mi bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, inú fèrèsé kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà ni orí rẹ̀ á ti yọ, fèrèsé tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Àwòrán ibẹ̀ á máa gbọ̀n, ohùn á máa dún bíi pé inú agolo ló ti ń sọ̀rọ̀. Tó bá parí, ẹ̀rọ á sọ fún mi pé íméèlì tuntun ti dé. Ẹyọ kan ṣoṣo. Inú mi á wá máa dùn bí ẹni tó rí lẹ́tà gbà.

Ace Combat 3: Electrosphere ni géèmù tí mò ń sọ. Namco ló ṣe é fún PlayStation àkọ́kọ́, ó sì jáde ní Jàpáánì lóṣù karùn-ún ọdún 1999. Géèmù jẹ́ẹ̀tì ajagun ni: o wà lójú òfuurufú, ọ̀tá wà níwájú, mísáìlì wà lábẹ́ ìyẹ́. Mo ti gbá oríṣiríṣi irú ẹ̀, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, àwọn tí kùrukùru wọn rí bíi pé èèyàn lè bù ú lọ́wọ́. Èyí ni mo sì máa ń padà sí. Kì í ṣe pé ó dára jù wọ́n lọ o. Ọjọ́ ọ̀la tó rò pé ó ń bọ̀ ni mo fẹ́ràn.

Kí ẹ má baà ra èyí tí ẹ ò fẹ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: géèmù méjì ló ń jẹ́ orúkọ yìí. Ti Jàpáánì wà nínú àwo CD méjì, iṣẹ́ ogun 52 ló wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Production I.G ló ya àwọn àwòrán alárìnká rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì lè parí sí ọ̀nà márùn-ún. Èyí tí wọ́n tà fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wà nínú àwo kan, iṣẹ́ ogun 36 péré ló kù, wọ́n sì ti yọ àwọn àwòrán alárìnká náà àti ọ̀pọ̀ nínú ìtàn kúrò. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e wálé. A gbá a títí, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé ta ni à ń bá jà nínú wa. Wọ́n á gbé ẹ gòkè, wàá yìnbọn, wàá sọ̀ kalẹ̀, ó parí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé egungun ni wọ́n gbé fún wa, ẹran wà níbòmíràn. Àwọn olólùfẹ́ géèmù náà ló fọwọ́ ara wọn túmọ̀ ti Jàpáánì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì parí iṣẹ́ náà lọ́dún 2016. Èyí tí mò ń gbá báyìí nìyẹn, òun náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù níbí dá lé.

Ìtàn náà ní ìjọba ti di orúkọ lásán ní ilẹ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Usea. Ilé iṣẹ́ méjì ló ń pàṣẹ: General Resource, tó jẹ́ àgbà, àti Neucom, ọmọ kékeré tó ń gbéra ga sí i. Àjọ apẹ̀tùsááwọ̀ tí wọ́n ń pè ní UPEO ni wọ́n fi ọ sí, orúkọ rẹ sì ni Nemo, tó túmọ̀ sí “kò sẹ́nìkan” lédè Látìn. Mi ò ní sọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá parí gbogbo ọ̀nà márààrún ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Nígbà tí mo débẹ̀, mo gbé páàdì sílẹ̀, mo kàn ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n ni.

Ohun tí mo gbádùn ju ìtàn lọ ni bí wọ́n ṣe fi bàálù sọ̀rọ̀ nípa ilé iṣẹ́ méjèèjì. General Resource ń lo àwọn bàálù tí a mọ̀, F-15, F-16, F-22, Su-37, tí wọ́n kàn tún ṣe bí ẹni tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe. Ti Neucom ò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni rí rí. Delphinus, Remora, Sepia, orúkọ ẹran omi ni gbogbo wọn, wọ́n sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: ara wọn ń dán, wọn ò ní igun, bíi pé inú òkun ni wọ́n ti kó wọn wá sí ojú ọ̀run. Tí Delphinus bá kọjá lára F-15, ẹ ò nílò àlàyé kankan mọ́ nípa ẹni tó jẹ́ àgbà àti ẹni tó jẹ́ ọmọ.

Nínú àwọn bàálù tó lọ́lá jù, ìjókòó awakọ̀ ò ní gíláàsì. Wọ́n bò ó pa pátápátá. Kámẹ́rà ló ń fi ìta hàn án, wọ́n sì so ọpọlọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. COFFIN ni wọ́n pe ètò yìí, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pósí. Ẹni tó fún un lórúkọ yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé irọ́ gbuu ni: ta ló máa wọ inú bàálù tí kò ní fèrèsé? Àmọ́ F-35, bàálù ogun gidi tó kọ́kọ́ fò lọ́dún 2006, ní kámẹ́rà mẹ́fà yí ara rẹ̀ ká tí wọ́n ń gbé àwòrán wá sínú akoto awakọ̀, débi pé tó bá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ bàálù ló máa rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, òye atọwọ́dá wa bàálù ìdánwò kan tó ń jẹ́ X-62A ní Amẹ́ríkà, èèyàn kàn jókòó síbẹ̀ kó lè gbà á tó bá ṣì í ṣe ni. Ní ti bàálù, àwọn tó ṣe géèmù yìí ríran.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni wọn ò rí. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Àwọn wọ̀nyí dífá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún 1999, wọ́n sì fẹ́ kó gbé wọn dé 2040. Electrosphere, ayé íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn, jẹ́ ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó ń polówó nǹkan fún ọ. Kò sẹ́ni tó ń bú ọ. Kò sẹ́ni tó gbé fóònù dání. Èèyàn á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á ka ìròyìn, á ka íméèlì, á gba ìpè onífídíò, á dìde. Ìlà tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ wíńníwínní, ìró píì kékeré tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí ẹyẹ ẹ̀gà. Wọ́n rò pé bí ayé bá ṣe ń gbọ́n sí i ni yóò máa pa rọ́rọ́ sí i. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n kó lọ síbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń lá àlá yìí. Olórí mẹ́mọ́rì PlayStation àkọ́kọ́ ò ju mẹ́gábáìtì méjì lọ. Àwòrán kan tí ẹ fi fóònù yà lánàá lè má gba inú rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ fi ìlú, òkun, bàálù àti ọ̀run hàn wá lẹ́ẹ̀kan náà. Abájọ tí ilẹ̀ fi máa ń gbọ̀n. Ẹni tí kò bá gbá géèmù ayé ìgbà yẹn rí á rò pé tẹlifíṣọ̀n òun ló bàjẹ́: ẹ sún mọ́ ilé kan, igun rẹ̀ á máa fò kìtìkìtì, àwọn ìlà tó wà lára ògiri á sì máa wọ́ bí ejò. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀rọ yẹn ò mọ ìlàjì. Ojú àmì kan tàbí òmíràn ló lè fi igun ilé sí, kò lè fi í sí àárín méjèèjì, torí náà ṣe ni igun á máa fò láti ibì kan sí ìkejì bí ẹ ṣe ń rìn. Tó bá sì ń lẹ àwòrán mọ́ ara ògiri, kò ka ibi tó jìn àti ibi tó sún mọ́ sí. Mo mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ tí mo bá fò lọ sísàlẹ̀ tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rù eré tí bàálù ń sá ló ń bà mí.

Lójú òfuurufú lókè lọ́hùn-ún, kò sí ohun tó gbó rárá. Ẹ ó rí ọ̀tá bí àmì kóńkó nínú àpótí lójú ẹ̀rọ. Ẹ ó yí lé e. Ìró á bẹ̀rẹ̀, píì, píì, píì, ẹ̀yin ẹ rọra mú u sáàárín, ìró á dì píììì, mísáìlì á já. Èéfín funfun á fa ìlà lọ bí ẹni fi ẹfun kọ sára ọ̀run. Nígbà míì á kàn án, nígbà míì ọ̀tá á yẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má wá òótọ́ níbẹ̀. F-22 gidi kì í gbé ju mísáìlì mẹ́jọ lọ sínú ikùn rẹ̀ tó bá ń lọ bá bàálù ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, ti inú géèmù yìí sì ń yọ ọ́ jáde bí ẹni tó ń họ ẹ̀pà jẹ. Orin rẹ̀ ò pariwo bíi ti àwọn géèmù ogun tó kù. Orin kọ̀ǹpútà ni, tútù, bíi pé ẹ̀rọ kan ló ń dá kọrin sí ara rẹ̀ lóru. Etí òfuurufú wà níbẹ̀, níbi tí ojú sánmà ti dúdú. Abẹ́ ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, níbi tí ẹ máa lé bàálù ọ̀tá gba inú ìlú tí wọ́n gbẹ́ sísàlẹ̀. Ìgbà keje ni mo tó jáde láàyè. Ní ìgbà kẹfà, mo ti lu ọ̀tá tán, inú mi dùn, mo gbójú kúrò, ògiri sì pa mí.

Ó ní ohun tó ń bí mi nínú. Àwọn iṣẹ́ ogun kan kúrú ju, ẹ ò tíì jókòó dáadáa tó parí. Ilẹ̀ ibòmíràn kàn rí bí eérú lásán, ibi gbogbo jọra. Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ kíkà. Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín, Rena, Erich, Fiona, Keith, kì í dákẹ́. Èdè Jàpáánì ni wọ́n ń sọ, ìtumọ̀ á máa hàn lójú ẹ̀rọ bí ẹ ṣe ń jà, ọ̀rọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì, torí ẹni tí ẹ bá tẹ̀ lé nínú wọn ló máa pinnu ẹ̀yìn ta ni ẹ máa bọ́ sí. Mo ń ka ọ̀rọ̀ kan tí Rena sọ nípa ojú ọ̀run, ọ̀rọ̀ náà dùn, mo fẹ́ kà á dé òpin. Inú òkè ni mo parí rẹ̀ sí.

Ẹni tí mo ra ti Jàpáánì lọ́wọ́ rẹ̀ náà jẹ mí ní ìyà díẹ̀. Ó ní àlòkù tó mọ́ ni. Àwo kìíní mọ́ lóòótọ́. Nígbà tí géèmù ní kí n pààrọ̀ sí ìkejì, ojú ẹ̀rọ dúdú, ó sì dúdú bẹ́ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìlà tó ha ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bí ìka mi. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yí àwo méjèèjì padà síbi iná kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó bá fẹ́ géèmù tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù gidi, èyí kọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò lè gba àwòrán tó ń gbọ̀n, kó máa lọ. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tí ẹ bá rí bọ́tìnì ńláńlá tó ń tàn yanran nínú ọkọ̀ ojú ọ̀run inú ìtàn àtijọ́, ẹ wá a kàn. Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin, ìdajì tó yẹ kí n fi kún un wà lára àwo kejì yẹn.

Lálẹ́ àná mo tún gbé Delphinus gòkè. Kò pẹ́ tí Rena fi bẹ̀rẹ̀, píì, ojú rẹ̀ yọ nínú fèrèsé, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú ẹ̀rọ. Mo kọ́kọ́ fa imú bàálù sókè ná.